Orúkọ Ni Orílẹ̀-Èdè Ń Tà Kí Ó Tó Ta Wáìnì

Ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò OIV, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjàrà àti wáìnì, orílẹ̀-èdè Ítálì kó nǹkan bíi bílíọ̀nù lítà 2.1 wáìnì lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Spéìn kó ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn gan-an. Faransé ní tirẹ̀ kò kó ju bíi bílíọ̀nù lítà 1.3 lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka owó, nǹkan bíi bílíọ̀nù yúrò 12 ló bọ́ sápò Faransé, Ítálì rí bíi 7.7, Spéìn tó kó ọjà jáde ju Faransé lọ kò sì rí tó bílíọ̀nù yúrò 3. Orí àwọn iye wọ̀nyí ni ọkàn mi máa ń lọ nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí ìjọba kan tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ń kéde pé àwọn fẹ́ polówó wáìnì ilẹ̀ àwọn lókè òkun, tí wọ́n sì ń fi iye lítà tí wọ́n fẹ́ tà ṣe òṣùwọ̀n àṣeyọrí.

Kì í ṣe pé àjàrà Spéìn burú. Wáìnì Spéìn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn olówó ńlá nìkan ló ń tó o. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohun tó ju ìdajì lọ nínú wáìnì tó ń ti ibẹ̀ jáde ló jẹ́ pé inú àgbá ńláńlá ló ń bá lọ, láì tíì wọ ìgò. Ẹlòmíràn ni yóò rọ ọ́ sínú ìgò tirẹ̀, tí yóò lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn lára, tí yóò sì jẹ èrè tó wà nídìí orúkọ. Ẹni tó gbin àjàrà ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán níbẹ̀.

Èrò tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ṣáájú ohunkóhun, orúkọ ni orílẹ̀-èdè kan ń gbé lọ sí ọjà àgbáyé, apá tó sì ṣòro jù nínú ìpolówó ni ṣíṣọ́ orúkọ náà nílé, kì í ṣe pípariwo rẹ̀ níta. Àwọn tí kò kọ́kọ́ ṣọ́ ọ ń ná owó rẹpẹtẹ lórí pátákó ìpolówó àti àpèjẹ, ọjà wọn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, èrè wọn sì ń joro.

Kí a tó débẹ̀, ó yẹ kí a mọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà àti ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ilé-iṣẹ́ wáìnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó tóbi tó, kò ní fẹ́ fi owó ara rẹ̀ kọ́ gbogbo ayé ní ohun tí Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà tàbí Mendoza ní Ajẹntínà jẹ́, nítorí ó mọ̀ pé aládùúgbò òun tí kò dá owó kankan yóò bá òun jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà ni òfin ṣe máa ń mú gbogbo wọn dáwó. Ní Gúúsù Áfíríkà, owó tí àwọn tó ń kó wáìnì jáde ń san lórí lítà kọ̀ọ̀kan ni àjọ WOSA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, fi ń ṣe iṣẹ́ ìpolówó lókè òkun. Àjọṣepọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, EU, ní tirẹ̀ máa ń dá apá ńlá nínú owó padà fún àwọn olùṣe wáìnì tó bá lọ polówó ọjà wọn ní orílẹ̀-èdè tí kò sí lábẹ́ àjọṣepọ̀ náà. Ti Ọsirélíà ló wù mí jù lára gbogbo wọn. Wine Australia, tí òfin gbé kalẹ̀, tí owó àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùṣe wáìnì sì ń gbé ró, ni ó ń polówó, òun kan náà ló sì ń fún ni ní àṣẹ ìkójàjáde: ẹni tó bá fẹ́ kó ju lítà 100 lọ jáde lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń pariwo ọjà náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ohun tó ń jáde. Ó mú ọgbọ́n dání, nítorí pé bí ọjà tí kò dára bá gba ibẹ̀ kọjá, òun náà ni yóò rìnrìn àjò lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Austríà, kí ẹ má sì ṣì í mú fún Ọsirélíà o, nítorí àṣìmú yẹn gan-an ba ọjà àwọn ará Ọsirélíà jẹ́ ní àwọn ibìkan nígbà ọ̀hún. Ní ọdún 1985, àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn oníṣòwò kan ní Austríà ti ń po kẹ́míkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ diethylene glycol mọ́ wáìnì, kí èyí tó ń ṣe sáì bí omi lẹ́nu lè ki, kí ó sì dùn bí èyí tí wọ́n fi àjàrà tó pọ́n dáadáa ṣe. Púpọ̀ nínú wáìnì àbùlà náà ló jẹ́ ọjà pọ́ọ́kú tó ń lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì nínú àgbá, ibẹ̀ náà ni àṣírí ti tú jù. Àwọn tó lu jìbìtì yìí kò pọ̀ rárá tí a bá fi wọ́n wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé tó ń fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́ nínú ọgbà àjàrà wọn. Ṣùgbọ́n ọjà òkèèrè kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó jẹ̀bi àti ẹni tó jàre. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ wọn, àwọn ilé ìtajà kó ìgò wọn kúrò lórí àtẹ, ohun tí Austríà sì ń tà sókè òkun já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó ń tà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ọdún 1985 kò tíì parí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi gbé òfin wáìnì tuntun jáde, ọ̀kan lára àwọn tó le jù ní Yúróòpù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1986, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àjọ ìpolówó wáìnì, ÖWM, sílẹ̀. Wọn kò gbé ìpolówó ṣáájú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi ń pa àwọn oníṣòwò, tí yóò sì ti rọrùn láti sáré wá ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Títí di òní, wáìnì Austríà tó bá fẹ́ jẹ́ Qualitätswein, ìyẹn orúkọ tí òfin wọn fún wáìnì tó dára, gbọ́dọ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ìjọba, àwọn tó mọ̀ nípa wáìnì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà. Bí ìgò bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo orí ìdérí rẹ̀: ẹ óò rí àmì pupa, funfun, pupa, àwọ̀ àsíá ilẹ̀ wọn, tó wà níbẹ̀ bí òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ kékeré yẹn wúlò fún ìpolówó ju ọ̀pọ̀ fíìmù tẹlifíṣọ̀n lọ, nítorí ìlérí tí ẹnìkan lè dáhùn fún nílé ẹjọ́ ni.

Wọ́n tún yí ohun tí wọ́n ń ṣe padà. Wọ́n fi wáìnì pọ́ọ́kú aládùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbájú mọ́ wáìnì funfun tí kò ní ṣúgà tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń fi àjàrà Grüner Veltliner ṣe. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí iye tí wọ́n ń tà sókè òkun tó padà sí ibi tó wà kí ọ̀ràn náà tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2002, níbi ìtọ́wò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti bo orúkọ gbogbo ìgò mọ́lẹ̀, Grüner Veltliner borí àwọn wáìnì funfun olókìkí láti Burgundy ní Faransé, àwọn tó ń ra wáìnì fún ilé oúnjẹ ńláńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jìnnà sí ohun tí òṣèlú kankan lè fi wá ìbò, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé kò yẹ kí irú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ mínísítà nìkan. Àwọn tó gbin àjàrà tó ń pẹ́ kí ó tó so dáadáa ló ní sùúrù rẹ̀.

Gúúsù Áfíríkà náà ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Lọ́rùn ọ̀pọ̀ ìgò wáìnì ilẹ̀ náà ni bébà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹni tó bá ra ìgò náà, níbikíbi tó bá wà láyé, lè tẹ nọ́ńbà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó sì mọ̀ bóyá wọ́n yẹ ibi tí àjàrà inú rẹ̀ ti wá wò, àti bóyá ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi nínú oko náà bá ìlànà mu. Láti 2010 ni wọ́n ti fi ti ìtọ́jú àyíká kún òǹtẹ̀ náà. Àwọn tó ń ra ọjà fún ilé ìtajà ńlá ní Yúróòpù kì í fi irú nǹkan báyìí ṣeré, nítorí pé àwọn oníbàárà tiwọn náà ń bi wọ́n léèrè. Orílẹ̀-èdè yìí kan náà gbà, nínú àdéhùn òwò tó bá EU ṣe, pé òun kò ní pe wáìnì òun ní port tàbí sherry mọ́, nítorí pé ti Pọ́túgà àti Spéìn ni àwọn orúkọ yẹn. Inú bí àwọn kan nígbà náà. Lójú tèmi, ohun tó dára ni, nítorí pé ẹni tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn tajà, ẹlòmíràn náà ló ń polówó fún.

Ẹ jẹ́ kí a wá tú owó ìgò kan palẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ́ọ́kú ti máa ń hàn kedere. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025, bí ọtí inú wáìnì ṣe le tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí rẹ̀; ní ọdún 2025 yẹn, £29.54 ni lórí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí pọ́ńbélé tó wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú iye ti 2025 yẹn, ìgò lítà 0.75 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 12.5% yóò san £2.77. Bí ilé ìtajà bá ń tà á ní £7, owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT yóò mú £1.17 nínú rẹ̀. Ó ku £3.06. Inú £3.06 yìí ni èrè ilé ìtajà, èrè ẹni tó kó o wọlé, owó ọkọ̀ ojú omi, owó ìgò, ìdérí, bébà ara rẹ̀ àti páálí yóò ti jáde kí ó tó kan wáìnì fúnra rẹ̀. Ẹ wá mú ìgò mìíràn tí agbára rẹ̀ kò yàtọ̀, tí wọ́n ń tà ní £12: VAT gba £2, owó orí ọtí kò kúrò ní £2.77, ó sì ku £7.23. Ohun tí oníbàárà fi kún owó rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ohun tó kù fún gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ìgò náà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nígbà tí àjọ ìpolówó kan bá ń fi ẹ̀dínwó wá ọjà ní irú ibẹ̀, owó orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìgò òfìfo ló ń tà, kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀.

Ọsirélíà tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan náà kọsẹ̀ níbí. Ní 1996, àwọn olórí ilé-iṣẹ́ wáìnì ibẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Strategy 2025: wọ́n fẹ́ kí ọjà wọn tó bílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà 4.5 lọ́dún kí ó tó di 2025. Ọjà náà yá ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní 2001, ìdílé Casella gbé Yellow Tail wọ Amẹ́ríkà, wáìnì tí àwòrán ẹranko ilẹ̀ wọn wà lára rẹ̀, tó dùn lẹ́nu ẹni tí kò mu wáìnì rí, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára. Nígbà tó fi máa di 2007, ohun tí Ọsirélíà ń tà sókè òkun ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta lọ́dún. Gbogbo ènìyàn ń gbin àjàrà. Ní 2009, àwọn àjọ ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn jáde wá sọ pé ọgbà àjàrà tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà pẹ̀lú èrè lọ. Mi ò sí lára àwọn tó ń bú Yellow Tail. Ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò yà sí ọ̀dọ̀ wáìnì rí wá sídìí rẹ̀, ìdílé tó ṣe é kò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n jẹ́ kí iye owó yẹn di ojú tí ayé fi ń wo gbogbo orílẹ̀-èdè náà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí olùṣe wáìnì láti Barossa tàbí Margaret River bá gbé ìgò olówó ńlá lọ sọ́dọ̀ olùrajà ní Amẹ́ríkà, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé wáìnì Ọsirélíà kì í wọ́n tó báyẹn. Ohun kan náà ti ṣe Jámánì ṣáájú wọn pẹ̀lú Liebfraumilch, wáìnì pọ́ọ́kú aládùn, tó fi bo Riesling, wáìnì wọn tó dára, mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lójú àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ìtọ́wò tí wọ́n ti ń bo orúkọ ìgò mọ́lẹ̀ wá ń kọ́? Ìtàn wọn dùn, àwọn oníròyìn fẹ́ràn wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì ní Paris, kó wáìnì Kalifọ́níà àti ti Faransé síwájú àwọn adájọ́ ọmọ Faransé, wọ́n sì fi Chateau Montelena ti 1973 ṣe ìkíní nínú àwọn funfun, Stag's Leap Wine Cellars ti 1973 nínú àwọn pupa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, Eduardo Chadwick láti Ṣílè ṣe irú rẹ̀ ní Berlin, àwọn wáìnì tirẹ̀ méjì, Viñedo Chadwick 2000 àti Seña 2001, sì ṣíwájú Château Lafite 2000, ọ̀kan lára wáìnì Faransé tó lókìkí jù. Èmi kì í gba èsì irú ìdíje báyìí gbọ́ tìdí-tìdí, nítorí pé bí a bá tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ipò àwọn ìgò yí padà. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún ni ohun tí Chadwick ṣe lẹ́yìn rẹ̀: ó gbé ìtọ́wò náà kiri láti ìlú ńlá kan sí òmíràn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ń jẹ́ kí àwọn olùrajà ibẹ̀ fi ẹnu ara wọn ṣèdájọ́. Ẹni tó ka ìròyìn nípa Berlin lè gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi Seña ṣáájú Lafite kò ní gbàgbé, á sì máa sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tó tún rọrùn láti gbà dá orílẹ̀-èdè mọ̀ ni kí ó fi irú àjàrà kan ṣe ìdánimọ̀. Ajẹntínà ní Malbec, láti 2011 ni Wines of Argentina, àjọ ìpolówó wáìnì wọn, sì ti sọ ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin di ọjọ́ Malbec lágbàáyé, ní ìrántí ọjọ́ kan ní 1853 tí olóṣèlú kan, Sarmiento, gbìyànjú láti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Mendoza. Ṣílè ní Carmenère, tí wọ́n ti ń pè ní Merlot fún ọjọ́ pípẹ́ títí ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Jean-Michel Boursiquot, fi dá a mọ̀ nínú ọgbà àjàrà ní 1994. Niu Silandi ló ṣe é jù: ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100 wáìnì tó ń kó jáde ló jẹ́ Sauvignon Blanc, púpọ̀ rẹ̀ láti Marlborough, owó tó ń gbà lórí lítà kan sì ti ga ju ti àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣiṣẹ́, n kò lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí ẹnu àwọn oníbàárà bá yí padà, orílẹ̀-èdè tó fi gbogbo ara lé àjàrà kan kò ní ìkejì tí yóò fà yọ. Bí mo bá wà nínú àjọ wọn, Sauvignon Blanc ni n óò fi ṣílẹ̀kùn, n óò sì máa ná owó díẹ̀ lọ́dọọdún lórí Pinot Noir láti Central Otago, bí èrè rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì yọjú.

Ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ òmíràn tó burú jù ú lọ, ìyẹn kí gbogbo ọjà orílẹ̀-èdè kan máa lọ sí ibì kan. Ọ̀nà kan ò wọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni Jọ́jíà àti Mọ̀ldófà ń tọ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 2006. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 wáìnì wọn ló ń lọ sí Rọ́ṣíà. Ìjọba Rọ́ṣíà kéde pé àwọn rí oògùn apakòkòrò nínú wọn, ó sì ti ẹnubodè. Àwọn tó mọ bí òṣèlú ṣe ń lọ láàárín wọn nígbà náà kò rò pé oògùn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Wàhálà yẹn ló fipá kọ́ àwọn méjèèjì ní ìpolówó. Mọ̀ldófà dá àjọ wáìnì ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó sì kó gbogbo olùṣe wáìnì rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Wine of Moldova, nígbà tí Rọ́ṣíà sì tún ti ẹnubodè ní 2013, EU ni wọ́n kọjú sí. Jọ́jíà gbé ìtàn jáde: qvevri, ìkòkò amọ̀ ńlá tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe wáìnì sínú rẹ̀, èyí tí UNESCO fi sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá rẹ̀ ní 2013, àti ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 pé nǹkan bí ọdún 8,000 sẹ́yìn ni wọ́n ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní ìtàn tó jù yẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rọ́ṣíà tún ṣílẹ̀kùn fún Jọ́jíà ní 2013, ọjà náà rọ́ padà síbẹ̀, títí di òní ohun tó ju ìdajì lọ ló sì ń lọ sí ibi kan náà. Ọ̀nà yẹn kúrú, wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, olùrajà ibẹ̀ kò sì béèrè ìtàn kankan kí ó tó sanwó. Mo lóye rẹ̀. Ó kàn ń dẹ́rù bà mí fún wọn.

Ẹni tó bá rò pé orílẹ̀-èdè kékeré nìkan ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe, kí ó wo Ọsirélíà àti Ṣáínà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2019, wáìnì Ọsirélíà kò san owó ibodè kankan mọ́ ní Ṣáínà, ọjà ibẹ̀ sì gòkè títí ó fi kọjá bílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà kan lọ́dún. Ní ìparí 2020 ni ìjọba Ṣáínà fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń ta ọjà ní iye tó rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ó sì fìdí owó ibodè múlẹ̀, láti 116.2% dé 218.4%. Ọjà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòfo pátápátá. Wọn kò yọ owó ibodè náà kúrò títí di òpin oṣù Kẹta ọdún 2024, láàárín ìgbà náà sì ni àwọn àgbẹ̀ kan ti fi àjàrà pupa sílẹ̀ lórí igi nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rà á.

Bí ọjà bá wá ṣí sílẹ̀, ẹ̀yà ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ibi tí mo sì ti rí i pé owó ìpolówó ń ṣòfò jù nìyí. Ní Swídìn, ìjọba ló ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú wáìnì tí ará ìlú ń rà lọ sílé, láti ilé ìtajà Systembolaget. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń gbé ìwé jáde tó sọ irú wáìnì tó ń wá: orílẹ̀-èdè tó ti wá, àjàrà rẹ̀, iye owó rẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí ó rí lẹ́nu. Àwọn tó ń kó ọjà wọlé á kó àpẹẹrẹ wá, ilé-iṣẹ́ náà á bo orúkọ ìgò wọn mọ́lẹ̀, á tọ́ wọn wò, èyí tó bá sì yege ni yóò dé orí àtẹ káàkiri orílẹ̀-èdè. Pátákó ìpolówó kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbẹ̀; ẹni tó lè ka ìwé yẹn lákòókò, tó sì lè sọ fún àwọn olùṣe wáìnì nílé pé irú èyí ni wọ́n ń wá, ló wúlò. Ní Nọ́wè, òfin kò gba ìpolówó ọtí rárá. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí wọ́n ti fagi lé òfin tó ka ọtí léèwọ̀ ní 1933, ọ̀nà mẹ́ta ni wáìnì sábà máa ń là kọjá: olùṣe tàbí ẹni tó kó o wọlé, alágbàtà, lẹ́yìn náà òǹtajà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀. Ọgbà wáìnì tó ní orúkọ ńlá ṣùgbọ́n tí kò rí alágbàtà gidi ní ìpínlẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀, bó ti wù kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Ní gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń mú wáìnì dé ọwọ́ ẹni tí yóò mu ún kò pọ̀: àwọn olùrajà ilé ìtajà, àwọn tó ń yan wáìnì fún ilé oúnjẹ, àwọn tó ń kọ́ni nípa wáìnì, àti àwọn òǹkọ̀wé díẹ̀ tí àwọn yòókù ń kà. Owó tí àjọ kan fi gba ìsọ̀ ńlá níbi ìpàtẹ wáìnì ProWein ní Düsseldorf, ní Jámánì, lè ní èrè, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń pàdé lọ́dọọdún. Síbẹ̀ èmi yóò kúkú fi apá kan rẹ̀ gbé àwọn olùrajà wá sínú ọgbà àjàrà, kí wọ́n rin ilẹ̀ náà, kí wọ́n rí ọwọ́ tó ń ká a.

Gbogbo èyí ti wá di kánjúkánjú báyìí, nítorí pé OIV ṣírò rẹ̀ pé wáìnì tí gbogbo ayé mu ní 2024 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù lítà 21.4, èyí tó kéré jù láti 1961. Nínú ọjà tó ń sún kì, lítà tí orílẹ̀-èdè kan bá fi kún tirẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti já a gbà, ẹ̀dínwó ni wọ́n sì sábà máa ń fi já a. Nítorí náà, bí àjọ kan bá ní kí n wá wo iṣẹ́ òun, n kò ní béèrè iye ènìyàn tó wá síbi ìtọ́wò rẹ̀. N óò béèrè iye owó tí lítà kan ń mú wálé ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ìdá mélòó ló ń lọ nínú ìgò àti mélòó nínú àgbá, àti ìdá mélòó nínú gbogbo owó náà ló ti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ṣoṣo wá. Wine Australia ń tẹ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí ọjà Ṣáínà kú, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tó jí, tó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ tó ń dáwó fún un lè jókòó nílé kí ó sì rí ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe. Àwọn àjọ tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ níbòmíràn kò ní àwíjàre tí wọn kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀.